Ìwé Tí Mo Tẹ̀ Lórí Igbó Bàbá Mi

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ ìwé tí ìjọba fi lé bàbá mi kúrò nínú igbó. Orí táípíráítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ́fíìsì wa ní Òrè ni mo ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà mẹ́rin, pẹ̀lú bébà kábọ́ọ̀nù láàárín. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni mo ṣe nínú rẹ̀, mo sì fi rọ́bà pa á rẹ́ dáadáa, nítorí ọ̀gá wa kò fẹ́ràn ìwé tó ní ìdọ̀tí lára.

Ọdẹ ni bàbá mi. Abúlé wa wà lẹ́yìn Ajue, níbi tí ọ̀nà mọ́tò máa ń pin sí nígbà náà. Ìkálẹ̀ ni wá. Bàbá mi ní oko kòkó, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó ní ọ̀pẹ díẹ̀, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi bíi gbogbo àgbààgbà abúlé. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ni ìtọ́jú igbó tó bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oko wa títí dé odò. Bàbá rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́. Erin wà nínú igbó náà, ẹfọ̀n wà níbẹ̀, edun wà lórí igi. Bàbá mi kò pè wọ́n ní tiwa rí. Ó máa ń sọ pé àwa ni a wá bá wọn níbẹ̀.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ọdẹ kankan kò gbọdọ̀ yìnbọn sí abo ẹtu tàbí abo ìgalà títí àwọn ọmọ wọn yóò fi lè sáré. Ẹni tó bá pa ẹran yóò gbé e wá kí bàbá mi rí i kí wọ́n tó kun ún. Àwọn obìnrin lè ṣa èso àpọ̀n tó bọ́ sílẹ̀ nínú igbó, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìdajì sílẹ̀, nítorí àpọ̀n ni erin ń wá jẹ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn àtìpó bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọ̀nà jíjìn láti gba ilẹ̀ dá oko kòkó, ó fún wọn ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà gbọọrọ kan sílẹ̀ láàárín oko wọn kí erin máa rí ibi gbà lọ sí àbàtà tí wọ́n ti ń mu omi. Bí erin bá fẹ́ yà sínú oko, ó kọ́ wọn láti po ata gbígbẹ mọ́ ìgbẹ́ erin tó ti gbẹ, kí wọ́n sì dáná sí i níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wá. Èéfín náà á lé erin padà láìsí pé ẹnikẹ́ni fara pa.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, pa abo erin kan tó ní ọmọ lẹ́yìn. Eyín rẹ̀ ló fẹ́ tà fún oníṣòwò kan ní Òrè. Ọmọ erin náà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ìyá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́jà rẹ̀ kékeré fa etí ìyá rẹ̀ bí ẹni ń jí i lójú oorun. Bàbá mi mú àbúrò rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó ní kó jókòó, òun náà sì jókòó tì í pẹ̀lú ìbọn lórí ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà níbẹ̀, títí ọmọ náà fi kú. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Àbúrò bàbá mi ń sunkún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n máa lọ, ó ti tó." Nígbà tí ọmọ erin náà kú tán, bàbá mi fi òkúta fọ́ ṣakabùlà àbúrò rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ní kó fi abúlé sílẹ̀. Ó kó lọ sí Ago Alaye. Wọn kò jọ jẹun mọ́ láti ìgbà náà.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, owó epo rọ̀bì ti ń ya wọ ibi gbogbo. Ọ̀nà ńlá tó ń lọ láti Èkó sí Benin ti gba Òrè kọjá, àwọn olóúnjẹ sì ti to bùkátéríà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìlú. Ẹni tó bá lè kọ lẹ́tà tó já gaara ń rí iṣẹ́ ìjọba. Mo ti kọ́ iṣẹ́ táípíìsì, wọ́n sì gbà mí sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó igbó ọba. Inú bàbá mi dùn gan-an. Ó gbé ìgalà yíyan kan wá fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, kò wọlé, ó kàn ń wo tábìlì mi.

Kò pẹ́ ni ọ̀mọ̀wé kan dé láti yunifásítì. Ó fẹ́ kọ ìwé nípa erin. Ọ̀gá wa kò mọ ibi tí erin wà, àwọn ẹ̀ṣọ́ wa kò sì wọ igbó kọjá ibi tí jíìpù lè dé. Èmi ni mo la ẹnu mi. Mo ní, "Bàbá mi mọ̀ wọ́n, sà." Ó dùn mọ́ mi láti sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀mọ̀wé náà fi tẹ̀lé bàbá mi. Wọ́n ní kí n máa bá wọn lọ láti túmọ̀, nítorí ọ̀mọ̀wé náà kò gbọ́ Ìkálẹ̀. Bàbá mi fi ojú ẹsẹ̀ hàn án nínú ẹrọ̀fọ̀.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ kékeré yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ńlá," ló wí. "Ọmọ ni. Kì í fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó dá rìn, ẹ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ìyá náà."

Ó fi igi àpọ̀n hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, àti àbàtà, àti ibi tí àwọn erin ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lá nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Ó sọ oṣù tí wọ́n ń dé àti oṣù tí wọ́n ń sọdá. Ọ̀mọ̀wé náà ń kọ ọ́, ó sì ń ya àwòrán ilẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó di ọwọ́ bàbá mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Bàbá, ẹ kọ́ mi ju ilé ìwé mi lọ." Mo rò pé òótọ́ ló ń sọ. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kejì ni ìwé náà dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá wa gbé e sórí tábìlì mi, ó ní kí n tẹ apá tó kan agbègbè wa, kí n sì tẹ ìkéde tó máa tẹ̀ lé e. Mo kà á kí n tó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tí bàbá mi sọ ló wà níbẹ̀, láti orí ata gbígbẹ dé orí àbàtà. Mo wá orúkọ bàbá mi. N kò rí i. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti dárúkọ "ọdẹ ìbílẹ̀ kan." Ní ìparí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ agbègbè náà ni ewu tó ń dojú kọ erin, pé kí wọ́n kó gbogbo wọn kúrò níbẹ̀.

Mo gbé ìwé náà wọlé tọ ọ̀gá wa lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi ni ọdẹ yìí."

Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde kó tó tó àsìkò."

Mo padà sí tábìlì mi, mo tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló wà láàárín ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí abúlé. Mo lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín rẹ̀. Mo bá bàbá mi jẹun. N kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí èmi àti ọ̀gá wa gbé ìwé náà dé abúlé, wọ́n pe gbogbo ènìyàn jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá wa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, èmi ń túmọ̀ sí Ìkálẹ̀. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọdẹ mọ́, kò gbọdọ̀ ṣa èso, kò gbọdọ̀ kọjá àmì tí wọ́n máa rì mọ́lẹ̀. Ọ̀gá wa fi kún un pé ìwà ọ̀bàyéjẹ́ àwọn ará abúlé ló fà á. N kò túmọ̀ ìyẹn.

Bàbá mi dìde. "Bi wọ́n léèrè, bí a bá kúrò, ta ni yóò máa ṣọ́ wọn?"

Ọ̀gá wa ní kí n sọ fún un pé ìjọba ti gba ẹ̀ṣọ́. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn jíìpù. Ọkùnrin kan tó wọ káàkì tuntun sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò bàbá mi ni. Ago Alaye ni wọ́n ti gbà á, torí ó sọ fún wọn pé òun mọ igbó náà, irọ́ kọ́ ló sì pa.

Bàbá mi wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí mi. "Ìwọ, ṣé o ti mọ ohun tó wà nínú ìwé yìí kí o tó wá?"

Mo ní, "Ọ̀gá ni mo ń túmọ̀ fún, Bàbá."

Ó jókòó.

Kò tó oṣù mẹ́fà tí àwọn onígẹdú fi dé pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ọ́fíìsì wa ló fún wọn, èmi náà ni mo sì tẹ̀ ẹ́. Ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ń kọ́lé, wọ́n nílò pákó. Katapílà la ọ̀nà gba ibi tí igi àpọ̀n wà, nítorí ibẹ̀ ló tẹ́jú, wọ́n sì wó gbogbo wọn. Wọn kò tilẹ̀ gbé igi àpọ̀n náà lọ, ìrókò àti ọ̀mọ̀ ni wọ́n ń wá. Láràárọ̀ ni agbégilódò ń gba iwájú ọ́fíìsì wa kọjá. Àwọn tó ń gé igi ń fi wáyà dẹ tàkúté káàkiri fún ẹran tí wọ́n ń tà fún àwọn olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹran tí wáyà bá mú tí wọn kò tètè dé ibẹ̀ á jẹrà síbẹ̀. Àbúrò bàbá mi ń gba ẹsẹ̀ ẹran kan lọ́wọ́ wọn, ó sì ń wo ibòmíràn.

Bàbá mi ń wọ igbó lọ yọ àwọn wáyà náà. Ó kó wọn sínú àpò ìrẹsì kan, ó sì wọ ọkọ̀ wá sí Òrè. Lọ́jọ́ yẹn ó wọ ọ́fíìsì. Ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú tábìlì mi. Irun ẹran àti ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lára wọn.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó wí. "Kọ ọ́ pé mo kó wọn wá, kí o sì kọ ibi tí mo ti rí wọn."

Mo wọlé lọ sọ fún ọ̀gá wa. Ó ní, "Kó wọn sí sítọ́ọ̀. Má kọ nǹkan kan." Mo jáde, mo sọ fún bàbá mi pé mo ti kọ ọ́. Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àbúrò rẹ̀ mú un nínú igbó pẹ̀lú ìdì wáyà lọ́wọ́. Ó ń gbìyànjú láti yọ wáyà kúrò lẹ́sẹ̀ ìgalà kan tó ṣì ń mí. Òun àti àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù lù ú, wọ́n so ìgalà náà mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n sì mú un rìn gba àárín abúlé kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyá mi sọ pé ìgalà náà kú sí i lẹ́yìn kí wọ́n tó dé ojú ọ̀nà.

Èmi ni mo tẹ ẹ̀sùn náà pẹ̀lú.

Ní kóòtù, àbúrò rẹ̀ búra, ó sì sọ pé tàkúté ni ọkùnrin náà ń dẹ. Wọ́n gbé wáyà náà sókè kí adájọ́ rí i. Bàbá mi ní yíyọ ni òun ń yọ wọ́n. Adájọ́ bi í bóyá ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti kó àpò kan lọ sí ọ́fíìsì ní Òrè.

"Ṣé o ní ẹlẹ́rìí?"

Orí bẹ́ǹṣì kejì ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá wa. Ọ̀gá wa kò tilẹ̀ wo ojú mi. Kò sí ìdí tó fi máa wò mí. Bàbá mi kò pe orúkọ mi. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó dúró, ó dákẹ́ pẹ́ débi pé adájọ́ tún ìbéèrè náà bi. Mo mọ̀ pé àyè ló ń fún mi. Mo ń wo bàtà mi.

Ó ní, "Kò sí."

Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá fún un.

Ó wà ní ẹ̀wọ̀n nígbà tí àwọn àlejò ọ̀gá wa dé láti Èkó pẹ̀lú ìbọn ńláńlá. Ẹni ńlá ni wọ́n, wọ́n wá ṣeré. Ọ̀gá wa mú àwòrán ilẹ̀ tí mo fi bébà tíréésì tó ń hàn gbangba yà láti inú ìwé ọ̀mọ̀wé náà fún wọn, àbúrò bàbá mi sì ṣáájú wọn. Àbàtà ni wọ́n lọ lúgọ sí. Erin márùn-ún ni wọ́n pa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nítorí àwọn erin náà kò sá. Ibi tí a kì í ti í yìnbọn ni, láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé wọn kò gbọ́ ìró ìbọn níbẹ̀ rí. Àbúrò bàbá mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wa ní ọ́fíìsì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ńṣe ni wọ́n dúró tí wọ́n ń wo àwọn.

Wọ́n kó ẹran náà gba Òrè kọjá nínú tírélà. Àwọn ènìyàn gbé abọ́ jáde. Ọ̀gá wa pín fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó fi ewé wé tèmi, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo gbé e délé. Mo sè é. Mo jẹ ẹ́.

Nígbà tí bàbá mi dé láti ẹ̀wọ̀n, ó ti gbẹ, eyín iwájú rẹ̀ kan kò sí mọ́. Mo gba àyè lọ kí i. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìyá mi. Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí, ó ní:

"Ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní ẹran pọ̀ ní Òrè. Ṣé ẹ jẹ níbẹ̀?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé ẹlòmíràn bá mi wọlé. Kò sí ẹnì kankan. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe Ìkálẹ̀ ló fi sọ ọ́ pàápàá, Yorùbá tí ó fi ń bá àwọn ará ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ ni.

Mo ní, "Mo jẹ, Bàbá."

"Ẹ ṣé tí ẹ kò purọ́," ó wí, ó sì mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀ ẹ́. Ó máa ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rọ̀ pé òun kò bínú, pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, ó sì yẹ kí òun bọ̀wọ̀ fún wọn. "Wọ́n" ni ó ń pè mí, ọmọ tí ó bí.

Erin tó ṣẹ́kù kò mọ ibi tí wọ́n máa gbà mọ́. Gẹdú ti dí ọ̀nà wọn, kò sí àpọ̀n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú oko kòkó. Àwọn àtìpó wá bẹ bàbá mi kó wá ràn wọ́n lọ́wọ́, torí àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ ata ti kó lọ, àwọn tuntun ló gba oko wọn. Ó ní, "Ẹ lọ bá ọ́fíìsì. Àwọn ló ni erin." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, erin tẹ ìyàwó ọ̀kan nínú wọn pa nídìí kòkó rẹ̀. Bàbá mi bá wọn gbẹ́ sàréè. Nígbà tí wọ́n bò ó tán, ó kó ata gbígbẹ jáde láti ilé, ó sì fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọkọ obìnrin náà kò wá síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ti obìnrin yẹn dun bàbá mi ju ẹ̀wọ̀n lọ.

Ọdún púpọ̀ kọjá. Owó epo ti lọ sílẹ̀, mo ti kúrò ní ọ́fíìsì, mo sì ti fẹ̀yìn tì sí abúlé nígbà tí àwọn kan dé láti ìlú ńlá. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n mọ ọ̀wọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ ìtàn àwọn tó ṣọ́ igbó kí ìjọba tó dé, kí gbogbo ayé lè mọ iṣẹ́ wọn. Bàbá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́. Mo rò pé ó máa lé wọn. Kò lé wọn. Ọ̀sán mẹ́ta ló fi sọ̀rọ̀, èmi ń túmọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ bàbá òun, àti ti ẹni tó kọ́ bàbá òun. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ kà á fún mi."

Mo kà á. Ó ní orúkọ kan kù, ti ìyá òun, tó mọ oṣù tí ẹran kọ̀ọ̀kan ń bímọ ju ọdẹ èyíkéyìí lọ. Wọ́n fi sí i. Wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ náà, ó sì ní kí n fi ìka òun lé ibi tí ó wà lórí ìwé. Mo di ìka rẹ̀ mú, mo gbé e síbẹ̀. Ìgbà tí mo ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn ti pẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà wá bi í bóyá erin kankan ṣì ṣẹ́kù nínú igbó.

Mo mọ̀ pé àwọn àtìpó ṣì máa ń wá sọ fún un bí wọ́n bá rí ojú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ó mọ ibi tí wọ́n ń gbà.

Ó ní kí n sọ fún wọn pé kò sí. Mo sì sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi í pé, "Bàbá, mélòó ló kù?"

Ó ní, "Ẹ má bínú. N kò lè sọ fún yín."